Irin Ṣóńṣó Orí Ògiri Sájẹ́ǹtì àti Tíṣà

Ogun orílẹ̀-èdè méjì tí mi ò dé rí ló fún mi níṣẹ́ jù lọ láyé mi. Wẹ́dà ni mí ní Ore. Géètì, férémù fèrèsé àti irin orí ògiri ni mò ń jó. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rù aládùúgbò rẹ̀, oníbàárà mi ni. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tán.

Sájẹ́ǹtì, ológun tó ti fẹ̀yìn tì, àti Tíṣà, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti Èkìtì tí kò sì padà sílé mọ́, jọ múlé ti ara wọn ní Odigbo. Àwọn méjèèjì ń ṣoko kòkó. Pèrègún lásán ló pààlà ilé wọn, adìyẹ àtọmọdé ń gbabẹ̀ kọjá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, rédíò ń sọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè méjì tó pààlà, tí wọ́n ń yọ ohun ìjà síra wọn.

“Èyí tí ohun ìjà rẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa sùn fọnfọn,” ni Sájẹ́ǹtì wí.

“Irọ́ ni,” Tíṣà dáhùn. “Bí ẹ bá ra ìbọn kan, aládùúgbò yín á ra méjì. Ta ni yóò wá sùn?”

Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di èébú. Sájẹ́ǹtì pe Tíṣà ní ojo, Tíṣà pe Sájẹ́ǹtì ní púrúǹtù. Ó le kú, ìjà Ore! Kò pẹ́ tí Sájẹ́ǹtì fi hú pèrègún, ó mọ ògiri, ó ní kí n wá jó irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó sórí rẹ̀. Mo jó o, ó mú bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Mi ò tíì kó jẹnẹrétọ̀ mi tán tí Tíṣà fi ọwọ́ pè mí.

“Jó tèmi náà sórí ògiri yẹn. Kó kọjú sọ́dọ̀ rẹ̀, kó sì gùn ju tirẹ̀ lọ.”

“Tíṣà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹni tó bá ra kan, aládùúgbò rẹ̀ á ra méjì?”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ra kan, àbí kò rà?”

Kí n má purọ́, ariwo tán. Ewúrẹ́ gan-an ò kọjá mọ́. Sájẹ́ǹtì á máa nàka sí ògiri: “Wẹ́dà, ṣé o rí i? Agbára ló ń mú àlàáfíà wá.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ta ni yóò bá oníbàárà rẹ̀ jiyàn?

Lọ́jọ́ tí mò ń kun irin Tíṣà lọ́dà, Sájẹ́ǹtì àtará ilé rẹ̀ ti lọ sóko ní Omifunfun. Kòkó tí wọ́n fi gbogbo ọdún ṣe wà lórí tapólì ní àgbàlá, ó ń gba oòrùn. Lójijì, ojú ọ̀run ṣú. Lọ́dọ̀ tiwa, bí òjò bá fẹ́ ká kòkó ẹni mọ́ta, ẹni tó bá sún mọ́ ọn ni yóò kó o, ìbáà jẹ́ pé ẹ jọ ń ṣẹjọ́ ní kóòtù. Kòkó ò sí nínú ìjà. Kí n tó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, Tíṣà ti sáré dé géètì Sájẹ́ǹtì, ó bá àgádágodo ńlá lẹ́nu rẹ̀. Ló bá sáré padà, ó gun àkàbà mi.

“Tíṣà, ẹ rọra o!”

Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá. Irin tirẹ̀ ló kọ́kọ́ mú un ní ṣòkòtò, ti Sájẹ́ǹtì gba ìyókù. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ la wà tí òjò fi dé, tó gbá kòkó lọ sínú gọ́tà lójú wa. Mo yọ Tíṣà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ṣòkòtò kọ̀, kò tẹ̀lé wa. Ó ń sunkún. Mo rò pé ìtìjú ni, àfi bó ṣe ń wí pé, “Kòkó ọkùnrin yẹn! Kòkó ọkùnrin yẹn!”

Nígbà tí Sájẹ́ǹtì dé, ṣòkòtò ń fì lẹ́lẹ́ lórí irin bí àsíá.

“Ó fẹ́ fọ́lé mi!” ó jágbe.

“Kòkó yín ló fẹ́ kó, sà. Irin wa ni ò jẹ́.”

Ó gun àkàbà mi, ó rọra yọ ṣòkòtò yẹn kúrò lórí irin. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí mi ò rí i kó rọra ṣe nǹkan kan rí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n dá ilẹ̀kùn kékeré sára ògiri. Tíṣà gbà, ṣùgbọ́n bóòtì tí wọ́n á fi máa tì í gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ òun. Sájẹ́ǹtì ní tòun náà á wà. Mo jó bóòtì méjì. Irin orí ògiri ò kúrò, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ yọ tirẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n tún pè mí. Inú mi ti ń dùn pé ogun ti bẹ̀rẹ̀. Àṣé híńjì tí ilẹ̀kùn kékeré fi ń ṣí ló ti jẹ tán nítorí àlọ àbọ̀ wọn. Bóòtì méjèèjì ti dípẹtà síbi tí wọ́n ṣí wọn sí. Mo bá àwọn bàbá méjì nídìí rédíò, wọ́n ń jiyàn.

“Wẹ́dà,” Sájẹ́ǹtì pè mí, “sọ fún Tíṣà. Kí ló mú àlàáfíà wá sílé yìí?”

Mo yọ híńjì tó jẹ, mo fi lé e lọ́wọ́.