Bàtà Táíwò

Mo kó àwọn ọmọ mi rìn nínú igbó ẹ̀yìn Mowe lónìí, òórùn ẹrẹ̀ odò sì rán mi létí ọ̀sán kan nígbà èwe mi. Bàbá wa gbé Táíwò, ìkejì mi, lé èjìká. Èmi ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn wọn.

“Ẹ gbé èmi náà!”

“Kẹ́hìndé, ṣebí ìwọ lẹ̀gbọ́n? Àgbà kì í gun èjìká.”

Òun ló kọ́kọ́ wáyé, èmi ni wọ́n wá sọ di àgbà! Nígbà tí a dé etí odò, mo bọ́ bàtà rẹ̀ tó mọ́ tónítóní, mo tẹ̀ ẹ́ bọ ẹrẹ̀ kó lè rí bíi tèmi.

Mi ò mọ̀ pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti wà lára rẹ̀, pé kò ní pẹ́ lọ́wọ́ wa.

Títí dòní, Màmá wa ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ bàtà náà. Wọ́n ní Táíwò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé odò lọ́jọ́ yẹn.