Àgbélébùú Lórí Ilé Alhaja

Chale, ọ̀rẹ́ mi, díẹ̀ ló kù kí Alhaja kan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lónìí!

Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń yàwòrán ilé ní àdúgbò Adum. Láàárọ̀, mo fẹ àmì máòsì mi títí ìlà rẹ̀ méjèèjì tó dábùú ara wọn fi la ojú kọ̀ǹpútà já, kí n lè mọ̀ bóyá ògiri tọ́. Ni Alhaja, oníbàárà mi, bá wọlé wá wo àwòrán ilé wọn.

"Ei! Subhanallahi! Ta ló gbé àgbélébùú sórí ilé mi?"

"Máòsì ni, Alhaja."

Mo gbé e kúrò ní pálọ̀ inú àwòrán náà, ó bọ́ sí yàrá wọn. Wọ́n figbe ta!

Mo sáré dín in kù, ó kéré bí èèrà. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn.

"Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó kàn sá pamọ́ ni."

Àfìgbà tí mo tẹ àwòrán ilé náà sórí ìwé, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tojú tẹ̀yìn, tí wọn kò rí àgbélébùú kankan, ni wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ayàwòrán ilé, kí ni oníbàárà ti rí lójú kọ̀ǹpútà tiyín?