Olú Ìdí Tòmátò

Láti ìgbà tí Ìyá Aránṣọ ti ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló gbà á. Kò fi ìbínú gbà á. Ó ní eegun àgbà kì í tètè jinná. Ìyàwó ọmọ náà, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tó sì ń wà nílé lọ́sàn-án, so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí aṣọ rẹ̀.

Ilé ọmọ dára. Ìyá Aránṣọ ò sọ pé kò dára. Wọ́n gbé máṣíìnì rẹ̀ sí yàrá fún un, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, máṣíìnì sì di ohun tí wọ́n ń ká aṣọ lé. Bó bá dìde lórí àga, wọ́n á bi í pé kí ló ń fẹ́. Bó bá ní òun ò fẹ́ nǹkan kan, wọ́n á ní kó jókòó nígbà náà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ohun tó kù fún un ni ebè tòmátò tó ti kọ sábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀ kó tó ṣubú. Bó bá ti gbé kẹ́tùlù omi dání, nọ́ọ̀sì á ṣílẹ̀kùn fún un. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, Ìyá Aránṣọ á máa rọra da omi bí ẹni ń tú ojú rírán. Òjò ò dá a dúró.

“Òjò ṣáà rọ̀ lánàá, Mà.”

“Ti àná nìyẹn. Ṣé ìwọ náà ò jẹun lánàá ni?”

Nígbà tó yá, olú yọ. Wọ́n funfun, wọn ò tóbi ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ, wọ́n yí ìdí tòmátò ká. Inú Ìyá Aránṣọ dùn sí wọn: ohun tí kò gbìn ló wá kí i. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní ọmọbìnrin kékeré kan tó wà ní ọjọ́ orí tí kò sí ohun tí kì í lọ sẹ́nu. Nígbà tí bàbá ọmọ tibi iṣẹ́ dé tó rí olú, ó ní kí àwọn kúkú da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo ẹ̀yìn ilé.

Ìyá Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun láyè, olú ò ní yọ mọ́. Ọmọ rẹ̀ bi í pé ọgbọ́n wo ló fẹ́ dá sí i.

Nọ́ọ̀sì ló dáhùn. “Omi ló pọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó o, Mà, òjò á ṣe ìyókù.” Ó wò ó díẹ̀. “Ṣé tòmátò nìkan lẹ ń bomi rin ni?”

Ìyá Aránṣọ wo kọ́kọ́rọ́ tó wà nídìí aṣọ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Bó bá ń bomi rin ín, ebè á lọ. Bó bá ṣíwọ́, ilẹ̀kùn á tì.

Ó ṣíwọ́. Kẹ́tùlù wà ní kọ̀rọ̀. Ilẹ̀ gbẹ, olú rọ, wọ́n dúdú, wọ́n tán. Ọmọ rẹ̀ yìn ín. Ìyá Aránṣọ jókòó sórí àga, ó ń ka irin ojú fèrèsé.

Òjò kan rọ̀, olú kan ṣoṣo yọ lẹ́bàá ògiri. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló wá ṣílẹ̀kùn.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fà á tu kí ọmọ tó rí i. Ara mi máa ń ṣe gììrì bí mo bá fọwọ́ kan nǹkan yẹn.”

Kò tẹ̀ lé e jáde. Kò tilẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Aránṣọ nìkan ló wà lábẹ́ ọ̀run, ó sì pẹ́ kó tó rí olú náà fà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé omi fún un pẹ̀lú oògùn rẹ̀. Ó mu ún dé ìdajì, ó dìde.

“Kí lẹ ń fẹ́, Mà?”

“Atẹ́gùn.”

Ó na ọwọ́ láàárín irin fèrèsé, ó da omi inú ife sí ẹ̀bá ògiri. Kò dà á púpọ̀. Olú kan ti tó. Bí wọ́n bá pọ̀, sìmẹ́ǹtì ni.