Ọ̀dà Fèrèsé Lára Ẹ́ńjìnnì Bàbá Mi

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bìkítà nípa àwọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn. Bàbá mi bìkítà. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, wọn a wọ ẹ̀wù àtijọ́ kan, wọn a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wọn tí a fi ń lọ sí yídì nínú ọgbà ilé wa ní Akóbọ̀, wọn a sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kun fèrèsé mọ́ṣáláṣí àdúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ lèmọ́mù. Wọ́n da ọ̀dà aláwọ̀ aró díẹ̀ sí i, ó wá dà bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ojú ọ̀run ṣì ṣú. N kò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíràn.

Ọ̀dà fèrèsé kò lè fara da ooru ẹ́ńjìnnì. Kí ọdún tó yípo, á ti máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Wọ́n mọ̀, wọn a sì tún un kùn.

Èékánná wọn ni mo rántí jù. Àáfáà wa nílé kéwú ti kọ́ wa pé àlùwàlá kò pé bí omi kò bá kan ara. Nítorí náà, bí ládànì bá ti pe ìrun aláásárì, wọn a fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́, wọn a wá fi ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ ọ̀dà lábẹ́ èékánná kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, ìkánjú mú kí wọ́n di búta àlùwàlá mú kí wọ́n tó fọwọ́.

Màmá wa wò wọ́n títí. "Alhaji, ṣé búta náà ń lọ sí yídì ni ẹ fi ń kùn ún?"

Àmì àtàńpàkò wọn wà lọ́wọ́ búta náà títí di òní.

Ọdún kẹta rèé tí Ọlọ́run pe bàbá mi. Ọkọ̀ náà dúró sábẹ́ igi máńgòrò, n kò lè tà á. Lọ́dún yìí, Ọlọ́run fún mi lágbára láti tún un ṣe. Mo ní kí wọ́n wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Challenge. Mo sọ fún un pé kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. N kò sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan ọ̀dà.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń dún, ó sì mọ́ bí ìkòkò ìyàwó tuntun.

"Ọ̀dà ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Àǹtí, ọ̀dà fèrèsé ni wọ́n fi kun nǹkan yẹn. Ó ti ń ṣí. Mo fi pẹtiróòlù àti sáńpépà bó gbogbo ẹ̀ kúrò. Mo rò pé oore ni mo ṣe yín."

N kò lè bínú sí i. Mo jókòó sórí táyà kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé búta lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń po ọ̀dà ní Dùgbẹ̀. Wọ́n yí i sójú oòrùn. Wọ́n pò ó lẹ́ẹ̀kan, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni wọ́n tó fi ọ̀dà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì àtàńpàkò yẹn, tí n kò mọ èwo ni èwo mọ́.

"Ọ̀dà tó ń fara da iná wà," wọ́n ní, "àmọ́ n ò ní irú àwọ̀ yìí nínú ẹ̀. Ti fèrèsé nìyí."

"Ẹ bá mi po ti fèrèsé náà kún agolo kan, bàbá."

Nígbà tí mo padà lọ gbé ọkọ̀, mẹkáníìkì rí agolo náà lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín. "Yóò tún ṣí o. Ṣé ọdọọdún lẹ ó máa wá síbí ni?"

"Rárá. Ilé ni n ó ti máa kùn ún."

Mo kùn ún fúnra mi, lábẹ́ máńgòrò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún wa ní irú bàbá bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń kùn ún, mo ń retí ìró bàtà wọn lẹ́yìn mi.

Ládànì pe aláásárì. Mo wá kẹrosíìnì, mo ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Lẹ́yìn tí mo yọ ọ̀dà ìka tó kẹ́yìn, mo di búta mú níbi tí àtàńpàkò wọn wà. Tèmi kéré sí i. Nígbà tí mo fi ṣe àlùwàlá tán, wọ́n ti kírun ní mọ́ṣáláṣí. Mo dá kí tèmi.