Èéfín Tùràrí àti Àyà Mi

Èéfín tùràrí ti kún yàrá débi pé mi ò rí ojú ìyá ìyá mi mọ́, ohùn àdúrà rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Agogo kékeré ń dún lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àwo tùràrí ń mì lọ́wọ́ òsì. Ó ti ti fèrèsé pa kí ọyẹ́ má baà wọlé. Èmi jókòó lórí ẹní, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, àyà mi ń dún fín-ín, fín-ín, bí ẹni pé ọmọ ológbò mẹ́ta há sínú rẹ̀.

Ikọ́ fée ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, ní Kúdẹtì, nínú ilé alámọ̀ tí pánù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Ìyá ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ló ń gbé àwo tùràrí ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, ipò ńlá ni. Bí àyà mi bá ti bẹ̀rẹ̀, á wọ sùtánà funfun rẹ̀, á tan tùràrí. Bí èémí mi bá kúrú sí i, á fi tùràrí kún tùràrí. Ẹ̀rù ikú ń bà mí, àmọ́ ta ni yóò bá Ọlọ́run jiyàn nígbà tí kò tiẹ̀ rí èémí tó máa fi sọ̀rọ̀?

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni obìnrin ilé kejì wá yá asẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹnu rẹ̀ mú. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wúkọ́.

"Ìyá, ẹja ni ẹ ń yan ni àbí ọmọ?"

"Àdúrà ni mò ń gbà fún un," ni ìyá wí.

"Ẹ gbà á, mo ń ṣàmín. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò ní kí ẹ ti fèrèsé. Ẹ wo ètè ọmọ bó ṣe ń ṣú. Ọsibítù ló kàn."

Ìyá wo àwo ọwọ́ rẹ̀. Ó da omi sí ẹyin iná inú rẹ̀, ó dún ṣàà, ó sì gbé mi pọ̀n, ẹsẹ̀ gígùn mi ń fì sókè sódò. Ká tó rí takisí ní Ọjà'ba, èèyàn ò lè mọ ẹni tó ń ṣàìsàn nínú àwa méjèèjì.

Ní ọsibítù, abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Èmi tí mi ò lè mí, mo rí èémí fi ké. Dókítà ní èéfín, eruku àti òtútù ọyẹ́ ni ọ̀tá àyà mi. Ó ní àìsàn náà kì í tán bọ̀rọ̀, ṣíṣọ́ là ń ṣọ́ ọ, ká má sì dúró dìgbà tí mo bá ń mí hẹlẹhẹlẹ ká tó lo oògùn.

Ìyá ṣọ́ ọ. Ó gbé ààrò lọ sí ìkángun ẹ̀yìnkùlé. Ó ń wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀. Láràárọ̀, á gbé etí lé ẹ̀yìn mi, yẹtí rẹ̀ á tutù bí omi àmù.

"Fà á sínú, ọkọ mi. Ó yá, mí síta."

Mo máa ń rọra mí kó má baà gbọ́ nǹkan kan, torí abẹ́rẹ́.

"O lè tan èmi," á ní, "àyà rẹ ńkọ́?"

Òórùn tùràrí tó ń bá a wálé láti ṣọ́ọ̀ṣì ló kù. Ó kọ́kọ́ ń bọ́ sùtánà sẹ́yìnkùlé, á máa gbọ̀n nínú ọyẹ́ kó tó wọlé bá mi. Síbẹ̀, irun rẹ̀ ń rùn ún, àyà mi sì ń mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó dá àwo náà padà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyá, oògùn òyìnbó ti gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ yín."

"Apá mi ni ò gbé e mọ́," ni ìyá wí.

Apá tó ń gbé mi ni o. Ìjókòó ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni wọ́n fún un títí tó fi gbó kùjọ́kùjọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ò sọ, ojú ń tì mí.

Nígbà tó kú, mo ti di ọlọ́mọ, ìnhélà tí mo fi ń fa oògùn sáyà wà nínú àpò agbádá mi. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n tan tùràrí bí ẹni ń san gbèsè. Mo dúró síta, lódìkejì gọ́tà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jáde wá.

"Ìwọ tí ìyá tọ́ dàgbà, o ò ní wọlé sin ín?"

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá wọlé, iṣẹ́ ọwọ́ ìyá ni mo bà jẹ́ yẹn."

Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un ìdí tí ìyá fi dá àwo padà. Ó dúró tì mí títí wọ́n fi gbé òkú ìyá jáde.

Láti ìgbà náà, bí èéfín bá ti gba ibi kan, mo ti dìde nìyẹn, ẹni yòówù kó máa sọ̀rọ̀. Ìrìn yẹn ti sú mi, ẹnu ayé náà ti sú mi. Wọ́n ní ojo ni mí. Ojo ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mò ń mí.