Ẹsẹ̀ Ni Mo Fẹ́ Kọ

Ẹnu mi ni mo kọ́kọ́ fura sí. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, lọ́dún 1998. Mo wọ ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀wọ̀, mo kí àwọn ará ibẹ̀, àmọ́ "Ẹ káàárọ̀" tó jáde lẹ́nu mi dà bíi ti ẹni tó ki iṣu gbígbóná bọ ẹnu. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, apá ọ̀tún ẹnu mi kò gbọ́ tèmi. Mo mú bíírò, ó bọ́. Mo tún un mú, ó tún bọ́. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Nílé ìwòsàn, orí bẹ́ǹṣì la wà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìyàwó mi, Ìyá Fúnmi, ń fi etí ìró rẹ̀ nu itọ́ lẹ́nu mi lójú gbogbo èèyàn, ojú sì ń tì mí bí ọmọdé. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Iṣan kékeré kan ti dí nínú ọpọlọ, ibi tó ń darí ahọ́n àti ọwọ́ ọ̀tún kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́. Rọpárọsẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń gba òye lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀yin tó ń tọ́jú irú wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kọ́ ni ẹni tí kò gbọ́ràn. Wọ́n sọ ohun tí kò yẹ kí n gbọ́ lórí mi nígbà náà, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

Nígbà tí wọ́n dá mi padà sílé, ọ̀rọ̀ mi kò yé ẹnikẹ́ni. Ìwé tí mo bá sì fọwọ́ òsì kọ, bí ibi tí adìẹ tú ló rí. Àbúrò ìyàwó mi tó wà lókè òkun ló bá fi láàpútọ́ọ̀pù ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà tí a ń gbé lé itan. Ìka òsì kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, Ìyá Fúnmi á sì máa kà á sókè. Òyìnbó ló ṣe é, kò mọ àmì ohùn, kò sì mọ ohun tí a ń fi sábẹ́ lẹ́tà. Owó, ọwọ́, àti ìlú wa Ọ̀wọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Ìyá Fúnmi tíṣà ni, bí gbólóhùn bá ti parí, á mọ èyí tí mo ní lọ́kàn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi jẹ èèyàn padà nínú ilé mi.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Mo lè wà láàárín ọ̀rọ̀, kí ojú rẹ̀ ṣú lójijì, kí ohun tí mo kọ sì lọ. A kọ́kọ́ ní iná ìjọba ni kò dúró dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ àgbà ìjọ, wá ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró ṣinṣin wá fún wa, kò yí nǹkan kan padà. A yọ bátìrì, a dá a padà. Ẹnì kan ní kí a jẹ́ kó sinmi. Ó sinmi, ó jí, ó tún kú. Nígbà tó yá, bí mo bá ti gbé ìka, mo máa ń kánjú bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ìrora náà jinlẹ̀, nínú iṣan ẹ̀yìn ojúgun ló wà. Ó wú, ó sì gbóná. Àwọn ará ilé rí wíwú náà, wọ́n ní bó ṣe máa ń rí fún alárùn rọpárọsẹ̀ nìyẹn, wọ́n fi àbọ́níkí ra á. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́dọ̀ wa, mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́: "ese mi". Ojú rẹ̀ ṣú.

"Kí ló kọ?" ni Ẹ̀gbọ́n mi bi ìyàwó mi.

Ìyá Fúnmi wo ojú mi. "Ó kọ ọ́ pé, ẹ̀ṣẹ̀ mi."

Mo mi orí. Mo nawọ́ sí ẹsẹ̀ mi, léraléra. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ò rí i? Ó fẹ́ kúnlẹ̀." Ni àwọn méjèèjì bá gbé mi sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi mí kúnlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ náà. Mo ké. "Délé, ọmọ ìyá mi, sunkún dáadáa," ni ó wí, omijé sì wà lójú òun náà. "Jẹ́wọ́. Aláàánú ni Ọlọ́run." Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ikú ni mo ń tọrọ, n kò ní parọ́ fún yín.

Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Fúnmi ti ilẹ̀kùn, tó jókòó tì mí. "Bàbá Fúnmi, obìnrin Ùsò yẹn, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti mọ̀. Mo ti dárí jì yín. Ẹ má jẹ́ kó pa yín."

Opó kan wà ní Ùsò lóòótọ́. Bí iṣẹ́ ìjọba lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ bá gbé mi dé ibẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán, èmi àti dírẹ́bà. Kò sí ohun tó ju oúnjẹ lọ. Mo mi orí títí ọrùn fi ń dùn mí. Ó rò pé ìrora ni.

Kí n lè jẹ́wọ́ tán ló ṣe lọ pe Àǹtí Bísí, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, kó wá bá wa tún ẹ̀rọ náà ṣe. Àǹtí Bísí bi wá bóyá ẹ̀rọ náà máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kú láàárọ̀. Ìyá Fúnmi ní bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá bí ọyẹ́ bá mú. Àǹtí Bísí ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀rọ náà, ó yọ ọ́ kíá.

"Ta ló tẹ́ aṣọ síbí, mà?"

"Èmi ni. Aṣọ òfì ìgbéyàwó mi ni, mo ká a sí mẹ́rin. Mo ní ohun tó ń gbẹnu sọ fún ọkọ mi kò gbọdọ̀ jókòó sórí tíréè lásán."

"Ẹ ti dí i nímú, mà. Abẹ́ ló ti ń mí. Tó bá gbóná jù, á pa ara ẹ̀ kó má baà jóná."

Ó tú ìdí rẹ̀, ó fẹ́ eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù kékeré inú rẹ̀, ó wá gbé e lé pákó méjì kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìyá Fúnmi ránṣẹ́ pe Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rọ náà kò kú. Mo tẹ̀ ẹ́: "ese mi otun wu o gbona. ese ti mo fi n rin. e gbe mi lo si osibitu." Ìyá Fúnmi kà á dé "rìn", ó sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó jáde lọ wá mọ́tò.

Ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ẹsẹ̀ mi. Dókítà ní dídùbúlẹ̀ sójú kan ló ń fà á, àti pé bí ègé kan bá já kúrò tó sì dé ẹ̀dọ̀fóró, èèyàn lè kú lójijì. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún mi lára awọ ikùn lójoojúmọ́, kí n tó bọ́ sí oògùn oníhóró. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì gbóná fún aláìsàn yín, ẹ má ra á, ẹ gbé e lọ.

Ó lé ní oṣù mẹ́rin kí ahọ́n mi tó tú díẹ̀. Mo tọ́jú odindi gbólóhùn kan, mo ń fi í dánra wò ní bálùwẹ̀. Ní ọjọ́ tó já geere, Ìyá Fúnmi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Mo fi ọ̀pá mi rìn lọ bá a.

"Kò sí obìnrin kankan ní Ùsò."

Kò gbójú sókè. "Mo ti dárí jì yín, Bàbá Fúnmi. Ọ̀rọ̀ ti tán."

Mo tún un sọ. Ó ní kí n má dá ara mi lágara, pé ọ̀rọ̀ mi kò tíì já gaara.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ yìí, mo máa ń fọwọ́ pa á láàárọ̀ kí n tó gbé e sílẹ̀. Ara mi ti yá. Èyí tó kù ni n kò mọ ilé ìwòsàn tí n ó gbé e lọ. Ọdún mẹ́sàn-án lobìnrin yìí fi ń se oúnjẹ fún ẹlẹ́ṣẹ̀, ó sì tún fi etí ìró rẹ̀ nu itọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó lọ bu omi, ó kó oògùn ọ̀sán mi wá. Mo ní, "O ṣeun." Ìyẹn yé e.