Afárá Olókùn Tí Àǹtí Fàsílátù Kò Gùn Rí

Ogún ọdún ni Fàsílátù fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní Ẹdẹ bí wọ́n ṣe kọ́ afárá olókùn, kò sì fẹsẹ̀ tẹ afárá náà rí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà mọ afárá ọ̀hún dunjú. Bí ẹ bá jí i lójú oorun, á sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ àti ohun tó gbé e dúró fún yín. Bó ṣe ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Ọmọ agboolé Mùsùlùmí àtijọ́ kan ni. Ọ̀nà Alajue ni bàbá rẹ̀ ti ń dáko, igi ọ̀pẹ kan tí wọ́n gbé dábùú odò ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, òjò rọ̀ mọ́jú, igi náà ń yọ̀, ó sì ń mì. Ẹsẹ̀ Fàsílátù yẹ̀, ó di inú omi, tòun ti agbọ̀n ata lórí. Mubarakah ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ló yára di aṣọ rẹ̀ mú, tí omi ò fi gbé e lọ. Ata lọ, Fàsílátù kù. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ti ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ di èèwọ̀ fún un. Àkàbà pàápàá, kì í gùn ún.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá fún ní kíláàsì karùn-ún, kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ nípa afárá àtijọ́ kan tó wà lórí odò, ìrìn wákàtí kan sí Ẹdẹ tí èèyàn bá wọkọ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ lọ wò ó.

Ká sọ tòótọ́, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọmọ bíi tirẹ̀. Á gbé àga méjì síwájú kíláàsì, á fi àlàfo sáàárín wọn. "Odò rèé," á ní. "Ó jìn, ó ń ṣàn burúkú, a ò lè ri òpó sáàárín rẹ̀. Báwo la ṣe máa kọjá?"

"Ká fò ó, mà!" Lọ́dọọdún, ọmọ kan gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ fò ó, a máa bá ẹ gbé bàtà ẹ délé. Ẹ gbọ́. Wọ́n kọ́kọ́ mọ òpó gíga méjì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lódì kejì. Wọ́n wá fi ọkọ̀ ojú omi gbé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá. Kí ló dé tó fi jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́? Torí okùn irin tó nípọn bí apá bàbá yín, ta ló máa gbé e? Wọ́n so èyí tó nípọn mọ́ ìdí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n dúró lódì kejì, wọ́n ń fà á títí tó fi dé."

Á wá so okùn tí wọ́n fi ń sáṣọ mọ́ orí àga méjèèjì, á fi òwú so pákó kékeré rọ̀ sára rẹ̀, á ní kí wọ́n máa to ìwé lé e. Ìwé kẹta, ìwé kẹrin, gbì! Àga méjèèjì á wó lura. Àwọn ọmọ á pariwo, "Yéè!" Ohun tí Fàsílátù ń dúró dè gan-an nìyẹn. Á gbé àga dìde, á tú okùn, á gbé e gba orí àga kọjá, á fà á wálẹ̀ sẹ́yìn, á ní kí ọmọ méjì jókòó lé ìdí okùn níhìn-ín, kí méjì jókòó lé e lọ́hùn-ún. Wọ́n á tún to ìwé. Àga ò ní mira.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sílẹ̀ yìí lẹ gbé afárá dúró. Ẹ̀yìn òpó ni wọ́n gbẹ́ kòtò sí, wọ́n ri ìdí okùn síbẹ̀, wọ́n da kọnkéré lé e. Ẹni tó ń kọjá ò rí i, àmọ́ tó bá tú, ó parí."

Ọdún àkọ́kọ́ gan-an ni ọmọkùnrin kan na ọwọ́ sókè. "Mà, ṣé ẹ ti gùn ún rí?"

Kó sọ pé rárá, ó tán. Ṣùgbọ́n ogójì ọmọ ló ń wò ó lójú. "Àìmọye ìgbà," ló ní. Lọ́dún kejì, kò tiẹ̀ dúró kí wọ́n bi í. Lọ́dún kẹta, ó ti bù mọ́ ọn: ó dúró láàárín afárá, ó wo ẹja nísàlẹ̀. Háà, Fàsílátù! Tí ọjọ́ ìrìn àjò bá wá dé, ìdí á máa dùn ún, tàbí kí orúnkún máa ro ó. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí tí wọ́n jọ ń kọ́ kíláàsì náà ló ń kó wọn lọ.

Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa lé e bá. Lọ́dún yìí tí Fàsílátù ń fẹ̀yìn tì, wọ́n ti gbé Ọlátúnjí lọ sí ilé ìwé míì. Ọ̀gá ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé, pè é. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ máa kó wọn lọ, ẹ̀yin lẹ sì máa ṣíwájú wọn gun afárá. Ẹ fi ṣe ìdágbére." Fàsílátù ò rí àwáwí kankan ṣe.

Látìgbà tí ọkọ̀ ti kọjá Sekona ni àwọn ọmọ ti ń kọrin. Fàsílátù ń fa tẹ̀sùbáà ní tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, afárá náà ń fì síhìn-ín, ó ń fì sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀.

"Mà, ẹ fi ibi tẹ́ ẹ ti wo ẹja hàn wá!"

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé pákó àkọ́kọ́. Pákó mì. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. "Ẹ dúró ná," ló ní, "ẹ jẹ́ n tún ṣàlàyé ìdí okùn." Ó ṣàlàyé ẹ̀. Ó tún un ṣàlàyé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ ti ń wo ara wọn lójú, òógùn sì ti bo Fàsílátù. Ojú fẹ́ tì í lójú àwọn ọmọ tó gbà á gbọ́ jù lọ láyé.

Kaosarah, ọmọ-ọmọ Mubarakah, jáde láàárín wọn, ó kúnlẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù afárá yìí ń bà mí. Ẹ jẹ́ n wà lẹ́yìn yín, kí n di híjáàbù yín mú."

Fàsílátù wò ó. Kaosarah kẹ̀? Ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ nà lọ́sẹ̀ tó kọjá torí ó gun igi máńgòrò ilé ìwé dé ṣóńṣó? Ẹ̀rù wo? Ó wá yé e. Ọmọ yìí mọ̀. Ó mọ̀, ó jókòó sí kíláàsì, ó gbọ́ ìtàn ẹja látòkèdélẹ̀, kò yanu, torí ọmọ kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ló ń pa.

"Kí ni ìyá àgbà sọ fún ẹ?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Wọn ò sọ nǹkan kan, mà. Wọ́n kàn ní tẹ́ ẹ bá fẹ́ gun afárá, kí n di aṣọ yín mú."

Omijé bọ́ lójú Fàsílátù. Ó yíjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ gbọ́. Irọ́ ni mo pa fún yín. Mi ò gun afárá yìí rí, mi ò sì rí ẹja kankan. Kì í ṣe Kaosarah ni ẹ̀rù ń bà. Èmi ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Kaosarah dìde. Ó ní bísímíláì, ó gbé ẹsẹ̀ lé pákó, pákó mì, kò gbé e kúrò. Ọmọ náà ń bọ̀ lẹ́yìn, ó di ìdí híjáàbù mú gírígírí.

Ní àárín odò, ọmọ kan pariwo látẹ̀yìn pé, "Mà, ṣé ẹja wà níbẹ̀ lóòótọ́?"

Ó la ojú tó ti dì, ó wo ìsàlẹ̀. "Omi pọ́n bí ẹrẹ̀," ló dáhùn, ẹ̀rín ti ń dà á láàmú pọ̀ mọ́ ẹkún. "Kò sẹ́ni tó lè rí ẹja kankan níbí."

Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan. "Kaosarah, ṣé o ṣì dì í mú?"

"Mo dì í mú, mà."